Ẹ̀bá Títì Ni Kí Ẹ Ti Jẹ Oúnjẹ Mẹ́síkò ní Los Angeles

Bí ẹnikẹ́ni bá ti Los Angeles dé, tó ń fọ́nnu fún yín pé òun jẹ oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tó jókòó sí. Bó bá ní orí àga tìmùtìmù ni, pé aṣọ funfun wà lórí tábìlì, pé àwọn onígìtá mẹ́ta wá ń kọrin sí òun létí, pé ìgbà tí wọ́n gbé ìwé owó dé ni òun tó mọ̀ pé owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ni òun fi jẹun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ẹ sọ fún un pé kò tíì jẹ ẹ́. Àga ló jẹ. Orin gìtá ló jẹ. Oúnjẹ tí à ń wí yìí, ẹ̀bá títì ló wà: nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń dáná nínú rẹ̀, lábẹ́ agboòrùn aláràbarà, níwájú ilé epo, ní apá ìlà-oòrùn àti gúúsù ìlú náà, níbi tí wọn kì í fẹ́ kí ẹsẹ̀ àlejò tẹ̀.

Ìjà mi kì í ṣe pẹ̀lú àlejò tí kò mọ̀nà o. Àwọn tó ń fọ̀nà hàn án ni mo bá ń jà: àwọn tó ń kọ ìwé atọ́nà, àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì, àti àwọn aláṣẹ tó ti jẹ ní ìlú náà láti ọdún gbọ́nhan, tí wọ́n ń fi àwòrán oúnjẹ Mẹ́síkò pe àlejò láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé, tí wọ́n sì ń lé ìyá tó ń se oúnjẹ náà kiri bí ẹni ń lé ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu.

Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn kan báyìí: “Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ṣé a ti jẹ àmàlà tiwa yó ni?” Ó kàn wá. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní Kalifọ́níà, ẹ sì ń lọ bẹ̀ wọ́n wò, ẹ ń lọ gbọ́mọ. Ẹ ó jẹun lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ sì ni oúnjẹ náà kò jìnnà sí wa tó bí ẹ ti rò. Àgbàdo tí à ń jẹ yìí, Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, kí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tó gbé e wá sí etíkun wa. Tòmátì tí à ń pè ní tòmátì, èdè àwọn ará Mẹ́síkò àtijọ́ ni orúkọ náà ti ṣẹ̀; kòkó tó sọ àwọn baba wa di olówó, ibẹ̀ náà ni orúkọ tirẹ̀ ti wá. Ata ńkọ́? Òkè òkun lọ́hùn-ún ló ti wá pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní òun kò mọ oúnjẹ Mẹ́síkò, kó lọ wo inú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀.

Kí ẹ lè mọ ohun tí mo ń jà lé lórí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Àgbàdo ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwa a máa rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó lè kan, kí a tó lọ̀ ọ́ di ògì. Tiwọn, wọ́n ń fi irú ẹfun kan tí wọ́n ń pè ní cal sè é, wọ́n á jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú omi náà, èèpo rẹ̀ á bó, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n lọ̀ yìí ni masa. Wọ́n á bù ú díẹ̀díẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á yan án lórí irin gbígbóná: ó di tọ̀tíyà. Ẹ gé ẹran yíyan wẹ́wẹ́ sí i láàárín, ẹ fi àlùbọ́sà, ewé kọriáńdà àti ata lílọ̀ sí i, ẹ ká a: ó di tákò. Ẹ fi masa bo ẹran, ẹ dì í sínú háhá àgbàdo, ẹ fi ooru sè é bí a ti ń se mọ́ínmọ́ín eléwé: ó di tàmálè. Wọ́n ní ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n ń fi ata gbígbẹ sè títí ó fi ń já lára egungun, tí wọ́n ń pè ní birria. Ọmọ Yorùbá kan ò ní jẹ ẹ́ kó má béèrè omi ọbẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará Lẹ́bánónì tó ṣí lọ sí Mẹ́síkò gbé ọgbọ́n ṣàwámà dání. Àwọn onílé yọ ẹran àgùntàn kúrò, wọ́n fi ẹlẹ́dẹ̀ dípò rẹ̀, wọ́n fi ata pupa ra á, wọ́n gbé ọ̀pẹ̀-òyìnbó lé e lórí, ó di al pastor.

Ẹ kò rí i pé gbogbo èyí, oúnjẹ àjẹ-gbóná ni? Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ̀mí tọ̀tíyà. Bó bá ti orí irin bọ́ sí ọwọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́, ó rọ̀, ó ń ta sánsán. Bí wọ́n bá gbé e kọjá láti kíṣìnì ẹ̀yìn, tí wọ́n dá a dúró kí wọ́n tó fi ewé ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́, ó ti kú. Ìdí rèé tí mo fi ní ẹ̀bá iná ni ilé rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìlówó, ọ̀rọ̀ bí a ti ń ṣe é ni.

Ìdí kejì ló ń ká mi lára jù. Àwọn kan rò pé àwọn ará Mẹ́síkò ni àlejò ní Los Angeles. Irọ́ ni. Àwọn ni wọ́n bá níbẹ̀. Ènìyàn 44 tó tẹ ìlú náà dó ní 1781, apá ibi tí à ń pè ní Mẹ́síkò lónìí ni wọ́n ti wá, àwọn tó ju ìdajì wọn lọ ló sì ní ẹ̀jẹ̀ adúláwọ̀ lára. (Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sọ nìyẹn.) Sípéènì ló kọ́kọ́ ń ṣàkóso wọn, nígbà tí Mẹ́síkò gbòmìnira ní 1821, ìlú náà di ti Mẹ́síkò, ogun ni Amẹ́ríkà fi gbà á, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní 1848. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá dúró ní Los Angeles tó ń pe oúnjẹ Mẹ́síkò ní oúnjẹ àjèjì, ẹ bi í pé ta ni àjèjì.

Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ tàmálè kiri àárín ìlú lálẹ́ ló ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ti ilé ọtí dé. Kí ni ọpẹ́ tí wọ́n fi san fún wọn? Láti àwọn ọdún 1890 ni ìgbìmọ̀ ìlú ti ń wá ọgbọ́n tí wọn yóò fi lé wọn kúrò lójú títì. Àwọn tó sì wá rí owó kọ́ ilé oúnjẹ olórùlé lẹ́yìn wọn, ọ̀pọ̀ wọn ló ń kọ ọ́ sára ògiri pé oúnjẹ Sípéènì ni àwọn ń tà, nítorí pé orúkọ Sípéènì ń dún bí orúkọ òyìnbó, ti Mẹ́síkò kò rí bẹ́ẹ̀ létí àwọn olówó. Oúnjẹ dùn lẹ́nu wọn, orúkọ ẹni tó ni ín ni kò dùn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní 1930, obìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Christine Sterling ṣètò àdúgbò kékeré kan láàárín Los Angeles, ó sọ ọ́ di ọjà Mẹ́síkò fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Olvera Street ni wọ́n ń pè é, ó wà níbẹ̀ títí di òní. Wọ́n to ìkòkò amọ̀, wọ́n wọ aṣọ aláràbarà fún àwọn obìnrin, wọ́n fi fìlà ńlá dé àwọn ọkùnrin lórí, àlejò ń wọ́ wá. Kò pé ọdún kan. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì 1931, àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n pẹ̀lú ọlọ́pàá ya bo gbàgede La Placita tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà náà gan-an. Wọ́n dí gbogbo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n dá àwọn ènìyàn bíi 400 dúró, wọ́n ní kí wọ́n mú ìwé wọn wá. Láàárín ọdún mélòó kan tó tẹ̀ lé e, àwọn aláṣẹ agbègbè náà ń fi ọkọ̀ ojú irin kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ sí Mẹ́síkò, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì pọ̀ nínú wọn.

Ṣé ó yé yín? Níhìn-ín, ẹ wá wo Mẹ́síkò, ẹ wá jẹ Mẹ́síkò. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ kó ará Mẹ́síkò. Mi ò ní kí ẹ má lọ sí Olvera Street. Ilé kékeré kan wà níbẹ̀, Cielito Lindo, tó ti ń ta tákò róbótó tí wọ́n dín láti 1934, tí wọ́n ń da ọbẹ̀ píà lé lórí, ó sì dára. Ẹ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń jẹ ẹ́, ẹ yíjú sí gbàgede yẹn, kí ẹ rántí.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó kó oúnjẹ yìí lọ tà, mo fẹ́ yára kọjá lórí rẹ̀. Glen Bell tó dá Taco Bell sílẹ̀ ní ìlú Downey ní 1962, ilé oúnjẹ Mitla Café, tí àwọn ará Mẹ́síkò ṣí ní San Bernardino ní 1937, wà ní òdìkejì títì sí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà tẹ́lẹ̀. Ó ń jẹ tákò wọn, ó ń wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Ó di olówó rẹpẹtẹ. Mi ò bá a jà pé ó kọ́ṣẹ́. Gbogbo wa la kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkan. Ohun tí mo ń wí ni pé kò sí ẹni tó lé òun kiri títì.

Ẹ wo ọdún 2008. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, àwọn alábòójútó agbègbè Los Angeles gbé òfin kan jáde pé ọkọ̀ olóúnjẹ tó bá dúró lójú kan ju wákàtí kan lọ ti dẹ́ṣẹ̀, pé owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 1,000 dọ́là tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí tákò! Ta ni òfin náà ń bá wí? Àwọn ará Mẹ́síkò tí ọkọ̀ wọn ń dúró sí ìlà-oòrùn ìlú láti ọdún pípẹ́. Àwọn ènìyàn pariwo, wọ́n lọ sí kóòtù, adájọ́ sì fagi lé òfin náà ní oṣù kẹjọ. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ọkọ̀ tuntun kan tó ń jẹ́ Kogi jáde; Roy Choi, ọmọ Kòríà, ló ń dáná níbẹ̀, ó ń fi ẹran àwọn ará Kòríà sínú tọ̀tíyà. Háà, ìwé ìròyìn gbóríyìn fún un! Lójijì, ọkọ̀ olóúnjẹ di ọ̀làjú. Ọkùnrin náà mọ oúnjẹ sè, ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn, òun fúnra rẹ̀ kò sì fojú pa àwọn tó ṣíwájú rẹ̀ rẹ́. Àwọn oníròyìn ni mo ń bá wí: ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní oṣù kẹrin, báwo ló ṣe di àrà ní oṣù kọkànlá?

Àwọn tí kò ní ọkọ̀ rárá, tó jẹ́ pé tábìlì àti iná ni wọ́n gbé sẹ́bàá títì, ìyà tiwọn tún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò kan tó jáde ní 2015 ní àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì ní Los Angeles tó bíi 50,000, bíi 10,000 nínú wọn ló sì ń ta oúnjẹ. Títí di 2017, ọ̀daràn ni gbogbo wọn lójú òfin ìlú. Ọlọ́pàá lè kó ẹrù wọn, kó da ìkòkò wọn nù. Ní 2018, Gómìnà Jerry Brown fọwọ́ sí òfin tó sọ ọ́ pé ìlú kankan ní Kalifọ́níà kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ìwà ọ̀daràn mọ́. Síbẹ̀, wọ́n fi ọgbọ́n àrékérekè ya àwọn ibì kan sọ́tọ̀ tí wọn kò ti gbọ́dọ̀ tà. Ẹ mọ ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀? Ibi tí àlejò pọ̀ sí, bí ojú ọ̀nà onírawọ̀ ti Hollywood! Ìgbà tó di 2024 ni wọ́n tó mú èyí kúrò. Òfin ìlera náà tún wà níbẹ̀ tó ń béèrè kẹ̀kẹ́ olówó gọbọi tí ìyá aláta kan ò lè rà. 2023 ni òfin mìíràn tó dín in kù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ ó ní, ó ti dáa nígbà náà. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó fi gbogbo ọmọ bí obìnrin. Ní oṣù kẹfà 2025, àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ya wọ Los Angeles, wọ́n ń kó ènìyàn níbi iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, ní iwájú ilé ìtajà tí àwọn lébìrà ti ń dúró de iṣẹ́ òòjọ́. Ààrẹ Trump kó sójà wọ ìlú. Ìjọba ìlú àti ti ìpínlẹ̀ tako o, a gbọ́dọ̀ sọ èyí fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn olóúnjẹ ẹ̀bá títì, àwọn tí gbogbo ayé ń rí lójú, tí kò ní ilẹ̀kùn tí wọ́n lè tì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló palẹ̀ mọ́. Ìkòríta tí iná ti ń jó lójoojúmọ́ ṣófo. Ìlú yìí ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan nínú ibùdó ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé 2026, ìlú yìí náà ni wọ́n gbé Òlíńpíìkì 2028 fún. Ẹ wo àwọn ìwé aláwọ̀ mèremère tí wọ́n fi ń pe àlejò, bóyá ẹ ò ní rí tákò níbẹ̀.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ilé alága tìmùtìmù ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ́nu. Wọ́n ní ibẹ̀ kò mọ́. Wọ́n ní àwọn tó wà lẹ́bàá títì ń gba oníbàárà lọ́wọ́ àwọn tó ń san owó ilé. Wọ́n ní ojú títì kì í ṣe ibi ìjẹun ọmọlúwàbí.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìmọ́tótó. Nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi kan lọ́hùn-ún, ó gbé mi lọ sí ilé oúnjẹ kan ní apá Hollywood, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Tọ̀tíyà tí wọ́n gbé wá gan bí páálí, wàràkàṣì ṣàn bo ohun gbogbo bí ìgbà tí ẹ̀kún omi bo oko, mi ò mọ èyí tí í ṣe ẹran mọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo rí ọkọ̀ kan tí èrò tò sí, mo ní kó jẹ́ ká yà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o, ibẹ̀ yẹn ò mọ́. Bí inú bá run yín ńkọ́? Ẹ mọ iye tí wọ́n ń gbà ní ọsibítù níbí?” Mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, nígbà tí o wà nílé-ìwé, níbo lo ti ń jẹ ìrẹsì ẹlẹ́wà? Ṣé hòtẹ́ẹ̀lì ni?” Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó jẹ mẹ́rin dúró, ó tún padà lọ tò sórí ìlà.

Ẹ ronú sí i. Lẹ́bàá títì, ẹ̀ ń wo ọwọ́ ẹni tó ń se é. Ẹ̀ ń rí ẹran, ẹ̀ ń rí omi, ẹ̀ ń rí iná. Ẹran kì í sùn níbẹ̀, nítorí èrò ni yóò tán an kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ilé alága tìmùtìmù, ẹ̀yìn ògiri ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ ò rí nǹkan kan. Bí ẹ bá sì lè yọjú sí ẹ̀yìn ògiri náà, ta ni ẹ ó bá nídìí iná? Bóyá ará Mẹ́síkò kan náà tàbí aládùúgbò rẹ̀ láti Guatemala ni, tó ń gbowó iṣẹ́ wákàtí, tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀. Láti 1998 sì ni àwọn onísàní agbègbè náà ti ń fi lẹ́tà A, B tàbí C sójú fèrèsé ilé oúnjẹ kí ẹni tó ń jẹun lè mọ bí ó ti mọ́ tó. Wọ́n ń fi irú rẹ̀ sára ọkọ̀ olóúnjẹ pẹ̀lú. Ojú yín ò fọ́, ẹ wò ó.

Ti owó ilé, mo mọ̀ ọ́n lára fún wọn, owó ilé ní Los Angeles kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Onílé ló ń fowó kún owó ilé, kì í ṣe ìyá tó ń ta tàmálè. Ẹ̀bá títì yìí náà sì ni ọ̀pọ̀ ilé ńlá ti gbéra. King Taco tó ní ẹ̀ka káàkiri ìlú náà lónìí, inú ọkọ̀ áísíkírìmù àtijọ́ kan ni Raul Martinez ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1974, níwájú ilé ọtí kan ní East Los Angeles. Ká ní wọ́n lé e ní ọjọ́ náà ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí, mi ò ní dá a lóhùn. Jonathan Gold tó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2007, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi àríwísí oúnjẹ gbà á, ìdí irú àwọn ilé kéékèèké àti ọkọ̀ báwọ̀nyí ló jókòó sí kọ iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú ní 2018. Ẹni tó bá ju òun lọ, kó máa wí.

Ó yá, ibo gan-an ni kí ẹ lọ? Ẹ wá òpópónà kan tó ń jẹ́ Olympic. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ nítorí eré Òlíńpíìkì tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1932; ó gùn láti ìlà-oòrùn ìlú títí lọ sí apá òkun. Ìlà-oòrùn ni kí ẹ ti mú un, ní Boyle Heights, ní òdìkejì odò. Ọkọ̀ Mariscos Jalisco wà níbẹ̀, tó ń ta tákò edé tí wọ́n dín, tí wọ́n da ata tútù àti píà lé lórí. Ẹ dúró jẹ ẹ́ níbẹ̀, ẹ má gbé e lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, yóò rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ kí ẹ tó délé. Ní Boyle Heights náà, ọkọ̀ ojú irin ń dúró ní Mariachi Plaza, níbi tí àwọn onígìtá fúnra wọn ti ń dúró de ẹni tí yóò bẹ̀ wọ́n ní òde. Ọjà El Mercado tó wà ní First Street láti 1968 kò jìnnà síbẹ̀.

Bí ẹ bá ń bọ̀ lójú Olympic sí àárín ìlú, ẹ ó kan àdúgbò tí wọ́n ti ń ta ohun ayẹyẹ ọmọdé, Piñata District. Òpin ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ óò rí èéfín kí ẹ tó rí ènìyàn. Tẹ̀ síwájú dé Koreatown, ẹ ó bá Guelaguetza, tí ìdílé kan láti Oaxaca ṣí ní 1994. Ilé olórùlé ni, mo mọ̀. Mi ò sọ pé gbogbo ilé olórùlé ni kí ẹ sá fún. Àwọn tó ni oúnjẹ ló ń tà á níbẹ̀ fún àwọn ará ìlú wọn, ọbẹ̀ mole wọn sì dúdú bí ẹ̀fọ́ ewúro tó pẹ́ lórí iná, ata, èso àti ṣokoléètì ló wà nínú rẹ̀; ìyá àgbà ló ń kọ́ni ní irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní gúúsù àárín ìlú, nínú ọjà Mercado La Paloma, ẹ ó bá Chichén Itzá tó ń se oúnjẹ Yucatán. Ata habanero tí wọ́n ń lò, ìbátan ata rodo wa ni, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ata pupa kékeré tàn yín. Holbox wà nínú ọjà kan náà, ẹja àti edé ni tiwọn. Ìwé Michelin tó ń fi ìràwọ̀ fún àwọn ilé oúnjẹ ńlá fún un ní ìràwọ̀ kan ní 2024, ìdí káńtà inú ọjà ni wọ́n sì ti ń tà. Bó bá di alẹ́, ẹ lọ sí ìkòríta La Brea àti Venice, níwájú ilé epo, níbi tí Leo's Tacos ti ń gé al pastor. Ọ̀gbẹ́ni tó di ọ̀bẹ mú yóò ta ọ̀pẹ̀-òyìnbó láti orí ẹran, yóò fi tákò gbà á bí ẹni gba bọ́ọ̀lù. Èrò á pọ̀. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ẹ tò.

Ẹ mú owó bébà dání, gbogbo wọn kọ́ ló ń gba káàdì. Ẹ kí wọn kí ẹ tó béèrè. Èdè wọn mọ ọ̀wọ̀ bíi tiwa, “usted” ni “ẹ”, “tú” ni “ìwọ”, àgbàlagbà ò sì fẹ́ràn “tú” lẹ́nu àlejò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ná an. Mo mọ ẹ̀yin èèyàn wa. Iye tó bá pè é ni kí ẹ san, kí ẹ sì fi díẹ̀ lé e. Ẹ má ya fọ́tò ojú rẹ̀ láìgbàṣẹ, pàápàá lákòókò yìí.

Bí ẹ bá sì dé ìkòríta tí wọ́n júwe fún yín, tí ẹ ò bá agboòrùn tàbí iná níbẹ̀, ẹ má tìtorí bẹ́ẹ̀ sáré wọ ilé alága tìmùtìmù tó wà ní òdìkejì. Ẹ bi ará àdúgbò léèrè ibi tí ìyá náà wà. Bóyá ó ti ṣí lọ sí òpópónà kejì ni. Bóyá inú àgbàlá ilé rẹ̀ ló ti ń tà báyìí, tó jẹ́ pé àwọn tó mọ̀ ọ́n nìkan ló ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ wọ́ tọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀.